Ọjọ́ Tí Dókítà Pulido Kọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ní Ìsinmi

Fabio Pulido kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí. Ìwé òwò ló kà, kò sì kà á tán. Ṣùgbọ́n ní Facatativá, ìlú kan nítòsí Bogotá, ẹni tó bá ti so táì mọ́rùn, tó sì ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lápò, dókítà ni. Lọ́yà ń jẹ́ dókítà, akọ̀wé ìjọba ń jẹ́ dókítà, ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà ń jẹ́ dókítà. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i, torí kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Àfi Pulido. Òun gbà á gbọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú oko òdòdó tó ń bójú tó, orúkọ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára bí epo ṣe ń wọ aṣọ. Bí òṣìṣẹ́ bá wúkọ́, á ní kó yọ ahọ́n. Bí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, á dijú, á mi orí, á ní: "Èrò ló pọ̀ jù." Pulido onítáì gbọọrọ! Pulido a-wo-ahọ́n-má-mọ-àrùn! Oníṣègùn tí kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bi í léèrè!

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àìsàn kan dé tí Pulido fẹ́ràn ju gbogbo àìsàn lọ. Àárẹ̀ ọkàn ni. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó òdòdó ránṣẹ́ sókè òkun kéde pé oko tí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá balẹ̀ jù lọ máa gba àmì ẹ̀yẹ: òdòdó róòsì tí wọ́n fi wúrà kùn, àti àwòrán ọ̀gá ibẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Róòsì oníwúrà yẹn kọ́ ló ń pa Pulido bí ọtí. Àwòrán ni.

Kíá, ó ti di Baba Ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó kó páálí kúrò nínú yàrá kan, ó gbé àga tìmùtìmù méjì sí i, ó fín lọ́fínńdà, ó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé YÀRÁ ÌSINMI. Lẹ́yìn náà ló tì í pa, kó má baà dọ̀tí. Lára ògiri gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣa òdòdó, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ÌLERA LOÒGÙN ỌRỌ̀. Kò sọ ìlera ta ni, kò sì sọ ọrọ̀ ta ni.

Bẹ́ẹ̀, oṣù kejì ọdún ti wọlé. Ẹni tó bá mọ oko òdòdó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní Ọjọ́ Olólùfẹ́ tiwọn, gbogbo ọkọ ibẹ̀ ló sì fẹ́ gbé róòsì lé ìyàwó lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Róòsì kì í rìn lọ fúnra rẹ̀. Ogójì obìnrin ló ń dúró nídìí tábìlì láti aago mẹ́rin ìdájí títí ilẹ̀ fi máa ṣú, tí wọ́n ń gé ẹ̀gún, tí wọ́n ń já ewé, tí wọ́n ń dì í ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n-mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìfẹ́ àwọn ẹlòmíì kì í jẹ́ kí wọ́n fojú kan ọkọ tiwọn fún odindi oṣù kan.

Marleny Quecán wà lára wọn. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, ṣùgbọ́n nǹkan ti ń ṣe é láti ìparí ọdún. Àyà rẹ̀ á ṣàdédé máa lù kìkì. Oorun kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Omijé á máa dà lójú rẹ̀ nídìí tábìlì, òun gan-an kò ní mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó gba ilé ìwòsàn lọ, dókítà tòótọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ìwé fún un: ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lójú ẹsẹ̀. Ìwé yẹn ló kù tó lè gba Marleny sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí ẹni tó bá fúnra rẹ̀ lọ sinmi lóṣù kejì, wọn kì í pè é padà síṣẹ́ mọ́.

Pulido gbé ìwé náà sókè sójú iná, bí ẹni tó ń wo àwòrán egungun.

"Dókítà wo ló kọ eléyìí?"

"Dókítà ilé ìwòsàn ni, Dókítà."

"Ọmọdé ni, àbí?"

"Kò tíì dàgbà púpọ̀, ọ̀gá."

"Mo ti mọ̀. Àwa dókítà máa ń jiyàn láàárín ara wa. Èmi ò gba tiẹ̀." Ó ju ìwé náà sínú àpótí tábìlì rẹ̀, ó tì í. "Gbọ́ mi, Marleny. Bí wọ́n bá rí ìwé àárẹ̀ ọkàn kan péré níbí, àmì ẹ̀yẹ ti lọ nìyẹn. Jẹ́ kí Ọjọ́ Olólùfẹ́ kọjá ná. Kó tó dìgbà yẹn, máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, àárẹ̀ kì í rí i mú. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀."

"Àgbà wo, Dókítà?"

"Èmi."

Marleny padà sídìí tábìlì. Nubia Chauta ló ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ mú ju ẹ̀gún tó ń gé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Nubia, ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín."

"Rín in, àbúrò mi. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ṣùgbọ́n rọra rín in o. Bó bá rí i pé inú rẹ dùn jù, á fi kún iṣẹ́ rẹ."

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa wá yẹ oko náà wò pé. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ìlú dé pẹ̀lú kámẹ́rà wọn, wọ́n ń gbé e jáde bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Pulido ti ra táì tuntun tó pọ́n bíi róòsì. Ètò rẹ̀ kò le rárá. Òun fúnra rẹ̀ máa kó ogójì obìnrin náà sórí ẹní láàárín gbọ̀ngàn, á fi ohùn dídùn kọ́ wọn ní ìsinmi ọkàn fún ìṣẹ́jú méje. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, nígbà tó ń jẹun àárọ̀. Wọ́n á ya fọ́tò, àwọn obìnrin á padà sídìí tábìlì, ọkọ̀ akẹ́rù á sì gbé òdòdó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú laago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lè fi ìṣẹ́jú méje tọrẹ. Kí ìsinmi má baà pa iṣẹ́ lára, ó ní kí wọ́n wá laago méjì òru dípò mẹ́rin. Ó tún fagi lé oúnjẹ ọ̀sán. Ara kì í ṣe òkúta, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún dókítà?

Adájọ́ tí ẹgbẹ́ rán wá ni Dókítà Yolima Ariza, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀, ní Bogotá.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà," ni Pulido kí i. "Inú àwa dókítà máa ń dùn bí a bá ríra."

"Ẹ ṣé o. Ẹ̀ka ìṣègùn wo ni tiyín?"

"Gbogbo ẹ̀," ni Pulido fèsì.

Ó mú gbohùngbohùn, ó gun orí àpótí. Àwọn obìnrin náà dùbúlẹ̀ tàwọn ti épírọ́ọ̀nù wọn. Pulido rẹ ohùn sílẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń bá ìkókó sọ̀rọ̀.

"Ẹ dijú yín. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín rọ̀. Ẹ gbàgbé róòsì. Ẹ gbàgbé aago. Kò síbi tí ẹ ń lọ."

Àwọn tó ti ń dúró láti aago méjì òru ló ń bá sọ̀rọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kejì, Nubia hanrun. Ẹnì kan gbè é láti ẹ̀yìn. Nígbà tó fi di ìṣẹ́jú kẹrin, ogójì imú ló ń dún bí ilé ẹ̀rọ ìlọta.

Orí Pulido wú. Ó ṣẹ́jú sí kámẹ́rà. "Ẹ ò rí agbára ohùn mi bí?" Dókítà Ariza ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Pulido wò ó, ó rò pé ìyìn ni.

Ìṣẹ́jú méje pé. "Ẹ ṣé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ lajú yín báyìí."

Kò sẹ́ni tó lajú.

Ó pàtẹ́wọ́. Ó lu agogo iṣẹ́. Ó fò sílẹ̀ lórí àpótí, ó ń lọ sókè sódò láàárín wọn. Níta, awakọ̀ akẹ́rù fọn fèrè. Róòsì kún inú garawa títí dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Pulido gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ òun.

"Ẹ dìde ńlẹ̀! Ta ló ní kẹ́ ẹ sùn lóòótọ́? Fún fọ́tò ni mo sọ! Aago méjì òru ni mo kó yín wá, oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbà lẹ́nu yín, kẹ́ ẹ lè rí ìṣẹ́jú méje sinmi, ẹ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Gbogbo Facatativá gbọ́ ọ nínú pálọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mi Marleny léjìká. Ojú Marleny kò là. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló gbéra. Ó ń gé ẹ̀gún tí kò sí níbẹ̀, ó ń já ewé tí kò sí níbẹ̀, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó so okùn sí afẹ́fẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ lójú oorun:

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé mi. Àyà mi ń já."

Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kò pani lẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìwé wo?" ni Dókítà Ariza bèèrè.

"Àlá ló ń lá," ni Pulido wí.

Nubia la ojú kan. "Ìwé ìsinmi ilé ìwòsàn ni, mà. Ó wà nínú àpótí tábìlì rẹ̀, òun àti mẹ́wàá míì." Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ń bá oorun rẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣí àpótí tábìlì ọ́fíìsì Pulido níwájú kámẹ́rà. Ìwé mọ́kànlá ló jáde.

"Ta ló ní kí àwọn wọ̀nyí má lọ sinmi?" ni Dókítà Ariza bi Pulido.

"Èmi ni. Mo yẹ̀ wọ́n wò, mo sì rí i pé..."

"Ẹ yẹ̀ wọ́n wò? Kí lẹ jẹ́?"

"Dókítà."

"Dókítà kí ni?"

Pulido wo kámẹ́rà. Ó wo táì rẹ̀. Òógùn bò ó. "Wọ́n kàn máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ fọwọ́ sí wọn," ni obìnrin náà wí, kò pariwo rárá. "Wákàtí iṣẹ́ tòní sì ti pé láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí wọ́n máa lọ sílé."

Pulido fọwọ́ sí ìwé mọ́kànlá náà, kámẹ́rà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Dókítà Ariza jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti Marleny, kò jí i. Nígbà tí Marleny jí fúnra rẹ̀, ó ta gìrì.

"Ṣé mo pẹ́ ni?"

"O ò pẹ́. Ilé lò ń lọ."

Marleny wo ìwé náà, ó wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, ó tún un wò. Ó wá bú sẹ́kún, ó sunkún náà dáadáa, kò sì sẹ́ni tó ní kó rẹ́rìn-ín.

Àwọn yòókù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ká ẹní, wọ́n ń kọjá níwájú Pulido, wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ kí i bí ọmọlúàbí. "Ẹ ṣé o, Dókítà. Ó kù díẹ̀ ká sinmi tán." Nubia ló kẹ́yìn. "Ohùn yín dùn o, ọ̀gá. Ẹ gbà á sílẹ̀ fún wa, ká máa rí i gbọ́ nílé."

Gbọ̀ngàn ṣófo. Awakọ̀ akẹ́rù yọjú.

"Ọ̀gá, òdòdó dà? Bàálù ò ní dúró dè wá o. Ta ló máa dì í?"

Pulido wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kámẹ́rà ṣì ń yà á. Ó tú táì, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó fọwọ́ lásán mú róòsì kan, ó sì ké "Yéè!" Ó wá ìbọ̀wọ́ lábẹ́ tábìlì, kò rí i. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó ṣí èkejì, ìgbálẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti jẹ́ ọ̀gá nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ìbọ̀wọ́ sí.

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó ń ké pe Nubia. Nubia ti wọ bọ́ọ̀sì, ó ti tún sùn lọ.