Bí Mo Ṣe Ru Ohùn Ìyàwó Mi Dé Wásinmi

Ọjọ́ tí mo ru ohùn ìyàwó mi dé Wásinmi, bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ yẹn kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò gbọ́ orúkọ Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi rí, ẹ̀bi yín kọ́. Láyé ìgbà tí a ṣì ń fọwọ́ yí giramafóònù, bí ó bá gbé orin sókè ní Kemta l'Abẹ́òkúta, odò Ògùn á rọra dúró, á fetí sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe; ẹni tó bá wù kó gbà gbọ́. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù l'Ékòó, ayé jó o, ayé sì gbàgbé. Ó ti kú báyìí. Àwọn àwo orin yẹn ló kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Sìkírá ọmọ wa fẹ́ máa kó ọjà sí yàrá mi. Ó ní, "Bàbá, bó bá di Jímọ̀ tí àwọn àwo yìí ṣì wà níbí, onípàǹtí á bá mi kó wọn."

"Ìyá ẹ ni kí onípàǹtí kó?"

"Màmá mi wà ní sàréè, Bàbá. Àwo lẹ kó pamọ́."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló dùn mí. Ooru páànù sì ti ká ọ̀kan nínú wọn kò bí ewé gbígbẹ. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìkàwé kan, wọ́n ní àwọn ò gba ohun tí kò ní ojú ewé. Ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òwu ní òun lè fi wọ́n ṣe aago ara ògiri. Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ létí. Ó wá ku Wásinmi, níbi tí wọ́n ti bí Àbẹ̀kẹ́. Bóyá àwọn àna mi á fún un láàyè.

Mo fi ìró funfun rẹ̀ di àwọn àwo náà pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Wásinmi, mo gbé ẹrù rù. Abẹ́rẹ́ giramafóònù kan ṣoṣo tó kù ńkọ́? Àpò mi ti lu. Ètè mi ni mo há a sí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá!"

N kò lè la ẹnu, orí mi ò sì ṣe é mì. Obìnrin tó kí mi wo aṣọ funfun, ó wo ẹnu mi tó dì pa, ló bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọlọ́kadà kan pa ẹ́ńjìnnì. Àṣé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń retí ẹrù òrìṣà wọn láti Abẹ́òkúta, ẹni tó bá sì rù ú kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú ọ̀nà!

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ọyẹ́ bo oko gbáàgúdá, eruku ń dán bíi wúrà, èmi ń rìn láàárín wọn bí ẹni ń lá àlá. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹrù orí mi ń kùn ún-ún-ún, ó ń wá ohùn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ orin. Kí n tó jí, wọ́n ti sìn mí dé ilé òrìṣà. Ilé alámọ̀ ni, inú rẹ̀ tutù bí inú àmù. Ìyá Olórìṣà, àgbà inú wọn, kúnlẹ̀ gba ẹrù, ó tú u. Fọ́tò Àbẹ̀kẹ́ yọ, pẹ̀lú yẹtí àti àtíkè, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Abẹ́rẹ́ já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ta ni obìnrin yìí?"

"Ìyàwó mi ni, Ìyá. Olórin ni."

"Ìwọ alára ńkọ́?"

"Mùsùlùmí Kemta ni mí."

Àfi bí ẹni tó ru ẹrù gidi ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà! Ó ń làágùn, ó fi ojú bú mi látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún òfin yẹn.

Àwọn géńdé ti ń ká apá aṣọ. "Ẹ jẹ́ ká gbé e jù síta, òun àti àwo rẹ̀!"

Ìyá Olórìṣà tẹ orí sún mọ́ fọ́tò náà. "Àbẹ̀kẹ́ wa kọ́ nìyí? Àwa méjèèjì la jọ ń pọn omi. Gbogbo ìgbà ni ìkòkò rẹ̀ ń fọ́, torí kò lè kọrin kó má gbé ọwọ́ sókè." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin rẹ̀ kan, ohùn tín-ín-rín bí òwú. Àwọn ìyá tó kù gbè é. Ọyẹ́ kó sí mi lójú.

Ìyá Olórìṣà ní, "A ti kúnlẹ̀ gbà á. Ohun tí a bá kúnlẹ̀ gbà sínú ilé yìí kì í jáde mọ́. Ẹ wá ibi tútù fún un."

Báyìí ni ohùn ìyàwó mi ṣe rí ilé. Mo ti gbé giramafóònù lọ bá a. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ, màá wọ mọ́tò lọ sí Wásinmi, màá ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà, màá kúnlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde sí mi. Èmi tí Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀ títí pé kí n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, tí mò ń sọ pé ọkùnrin Kemta kì í kúnlẹ̀ fún aya!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn rán àpò rẹ̀ kó tó jáde nílé. Sìkírá ní kí n mú aṣọ tí àpò rẹ̀ lu náà wá kí òun bá mi rán an. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.