Ojú Afẹ́fẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a? Láníyọnu káfíńtà ló fà á.

Nígbà tó ń fẹ́ Àwẹ̀ró, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ òyìnbó tí òun kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé kejì ló kà kó tó sá kúrò nílé ìwé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ni Àwẹ̀ró ti máa ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, bí ọbẹ̀ bá ti wà lórí iná.

"Bàbá Ìbíwùmí, wíńdò tí ẹ ń kàn yìí, níbo ló ti wá?"

Láníyọnu á fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Orúkọ òyìnbó kan ni. Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Wíńdò tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ló bá dá ihò sára ògiri, ó gba ibẹ̀ wọlé."

Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín, á ro ọbẹ̀.

Ìtàn náà dé etí àwọn aládùúgbò, ó dé ilé ìwé. Nígbà tó pé ogún ọdún, ọ̀gá ilé ìwé ní kí Àwẹ̀ró wá sọ ọ́ lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Alábẹ̀wò dé, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè kan lé tábìlì, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Láníyọnu ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó tún ń dè é. Àwẹ̀ró dìde, ó tún gèlè ṣe, ó lanu.

Láníyọnu fò sókè. "Irọ́ ni o! Èmi ni mo pa á fún un! Ẹ má fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ni kí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́!"

Wọ́n sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Alábẹ̀wò ṣí ìwé rẹ̀, ó ní "ojú afẹ́fẹ́" ni ìtumọ̀ wíńdò lẹ́nu àwọn tó kọ́kọ́ pè é.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ẹ̀yìn ni Láníyọnu ń rìn. "Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, má bínú."

"Ìbínú kẹ̀? Láti ọdún kìn-ín-ní ni mo ti mọ̀. Méérì ni ìyàwó Wíńdò kọ́kọ́ ń jẹ́ lẹ́nu yín, ó di Rúùtù. Lọ́dún tó kọjá, ẹ ní iyán ló ń gún lọ́wọ́!"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, ṣé ẹ óò tún máa jókòó tì mí títí ọbẹ̀ á fi jinná?"

Láníyọnu yásẹ̀ díẹ̀, ó bá a, wọ́n jọ ń lọ.

"Ojú afẹ́fẹ́ náà dára," ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣùgbọ́n tiyín dùn jù ú lọ. Tábìlì wá ńkọ́?"

Láníyọnu fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọ̀gbẹ́ni Tábìlì…"

Òun nìyẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni, nítorí kí wọ́n tó délé, irọ́ ti tún gbéra.