Ọjọ́ Tí Mo Sin Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì Sínú Ọgbà Òdòdó

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi láì fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkàn mi ṣe rí nígbà náà, kí ẹ má baà rò pé orí mi dàrú. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti gboyè nínú èdè Faransé, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo wá jókòó sí Ìlá láìníṣẹ́. Àyà mi kì í yé já. Bí ẹnì kan bá ní, "Ṣé o ti jẹun?" ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń béèrè ìgbà tí mo máa ríṣẹ́. Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, mọ ọ̀gá ilé ìwé kan tó ń wá olùkọ́ Faransé. Ó ní òun máa mú mi lọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń sún un síwájú. Mo rí i pé àfi kí n ṣe ohun kan tó máa wú u lórí.

Gbogbo ohun tí mo ní kò ju kàlẹ́ńdà kan tí mo mú bọ̀ láti yunifásítì, tí àwòrán àwọn ilé olódi àtijọ́ ilẹ̀ Faransé wà nínú rẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀: ilé gogoro tí omi yí ká, igi tí wọ́n gé bí ẹni gé irun, òdòdó tí wọ́n gbìn sórí ebè gbọọrọ gbọọrọ. Mo ṣí i han Bàbá.

"Àwọn tó ni ilé ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n ti kú tipẹ́, Bàbá. Àwọn àlejò ló ń wá wo ọgbà wọn àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sùn lé."

"Wọ́n ń wo bẹ́ẹ̀dì òkú?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Òyìnbó! Tèmi mà dáa ju ìyẹn lọ. Onírin ni."

Ẹ̀rín yẹn ni mo kà sí àṣẹ.

Màmá àgbà, ìyàwó Bàbá, wà ní Èkó lọ́dọ̀ ọmọ wọn tó bímọ. Nígbà tí Bàbá wá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, tó ní òun máa sùn síbẹ̀, mo bọ́ síṣẹ́. Mo kọ ebè gbọọrọ kan síwájú ilé, mo gbin òdòdó sí i, mo to òkúta yí i ká, mo fi ẹfun kùn wọ́n. Mo tú bẹ́ẹ̀dì Bàbá, mo tún un tò sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun sí i, mo ta okùn síwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, bó ṣe wà nínú àwòrán oṣù Kẹjọ lórí kàlẹ́ńdà gẹ́lẹ́. Mo gbé fọ́tò Bàbá tó tóbi jù lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo fi òdòdó yí i ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn gbayawu, mo wọ táì, mo dúró de àwọn tó máa wá wòran. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnikẹ́ni ò ní wá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yọjú ni Màmá Aba, àbúrò Bàbá lóbìnrin, tó gbé obì bọ̀ láti oko. Ó wo fọ́tò. Ó wo ebè. Apẹ̀rẹ̀ obì já bọ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò! Ta ló wà níbẹ̀?"

Omijé ń dà lójú rẹ̀. Mo rò pé ẹwà ọgbà ló wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí kàlẹ́ńdà.

"Èmi nìkan ni, Màmá," ni mo fi ìrẹ̀lẹ̀ dáhùn. "Èmi nìkan ni mo gbẹ́ ẹ."

"Ìwọ nìkan! Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò tíì gbọ́. Mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu ni."

Màmá Aba figbe ta, igbe náà sì pe gbogbo àdúgbò. Láìpẹ́, pálọ̀ kún. Èmi wá ń darí wọn: "Ẹ tò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má kọjá okùn." Wọ́n ń wo bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, wọ́n ń mirí. Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n ṣọkàn gírí, pé Ọlọ́run ò ní fi mí sílẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ mi ni. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn.

Ìgbà tó yá ni Alfa àdúgbò dé. Ó rìn yí ebè mi ká, ó fajú ro.

"Ta ló ní kí ẹ kọjú ẹ̀ síbí?"

"Ẹ má bínú, Alfa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Faransé nìyẹn."

"Ilẹ̀ Faransé! Mùsùlùmí òdodo lẹ sin bí ẹni gbin tẹ̀tẹ̀!"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Mo wo òdòdó mi, sàréè ni mo rí. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí débi pé Faransé ló ń jáde lẹ́nu mi. Bí mo ṣe ń kólòlò lọ́wọ́ ni ọ̀kadà kan dúró gìrì. Bàbá sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló kú nílé mi?"

"Akúdàáyà!" Àwọn kan gba fèrèsé jáde. Àwọn kan gba orí òdòdó mi kọjá, Alfa sì fi bàtà rẹ̀ kan síbẹ̀. Màmá Aba nìkan ni kò sá. Ó ṣa obì kan nílẹ̀, ó sọ ọ́ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá obì máa gba ara rẹ̀ kọjá bíi ti òkú. Obì bà á níwájú orí.

"Yéè! Ṣé orí rẹ pé?"

"Ó ń dùn ún!" ni Màmá Aba kígbe. "Ó wà láàyè!"

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ebè náà gan-an, mo sì rò ó látòkè délẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Bàbá ń fọwọ́ pa iwájú orí.

"Ta ló sunkún jù?"

"Màmá Aba ni, Bàbá."

"Alfa ńkọ́?"

"Ebè ló ń bá jà, Bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ló mú mi lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà, ní Ìgbájọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ àbúrò mi tó sin mí nìyí. Ẹ fún un ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ má fún un lọ́kọ́."

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó gbin ẹwà ilẹ̀ ibòmíì sílé, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ará ilé máa rí níbẹ̀. Bàbá ò sì jẹ́ kí wọ́n tú ebè náà. Bí mo bá wálé, lẹ́yìn tí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i, á fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú òdòdó.

"Ó yá," á ní, "kí èmi tìbí yìí náà."

Mo tún máa ń dọ̀bálẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe?