Ìyá Aránṣọ àti Apẹ̀rẹ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, èmi tí mo ti ń kọ ìwé ẹjọ́ níbẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìyá Aránṣọ ló pe Ẹnjiníà lẹ́jọ́. Ẹnjiníà yìí kò kọ́ afárá kankan rí o. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, a kàn ń pè é bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Aránṣọ gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọlé, ó fi aṣọ bò ó bí ọmọ tó ń sùn. Olóyè jókòó, ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta jókòó tì í.

"Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Olóyè bi í.

"Olóyè, ó kó ọkọ mi dànù."

Ó ti tó ọdún méjì tí ọkọ ìyá yìí ti kú, gbogbo wa la sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

"Àwòrán rẹ̀ ni mò ń sọ," ni ìyá náà fi kún un. "Mọ́kànlélógójì ni. Mi ò ní òmíràn. Mo gbé kọ̀ǹpútà fún un pé ó ń falẹ̀. Ó gbé e padà, ó ń yá, àmọ́ ọkọ mi ò sí nínú rẹ̀ mọ́."

Olóyè kọjú sí Ẹnjiníà. "Ṣé lóòótọ́ lo kó o dànù?"

"Rárá, Olóyè. Ìyá fúnra wọn ni wọ́n kó o dànù. Èmi kàn bá wọn gbé ìdọ̀tí síta ni. Apẹ̀rẹ̀ kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà, ohun téèyàn ò bá fẹ́ mọ́ ló ń jù síbẹ̀. Mo débẹ̀, mo bá àwòrán bàbá. Mo ní, ó dáa, opó ni wọ́n, bóyá wọ́n ti rí ẹlòmíràn."

Ìyá Aránṣọ dìde. Olóyè ní kó jókòó. Ó jókòó, àmọ́ kò gbójú kúrò lára Ẹnjiníà.

"Ìyá, kí ni àwòrán ọkọ yín ń wá nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí?"

"Ta ló sọ pé ìdọ̀tí ni? Olóyè, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lábẹ́ máṣíìnì mi. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà, ibẹ̀ ló ń lọ, nítorí bí aṣọ yẹn bá ya lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ibẹ̀ náà la ó ti rí ohun tí a ó fi lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá da apẹ̀rẹ̀ aránṣọ nù ti ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́. Nígbà tí mo rí apẹ̀rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, mo ní, àwọn tó ṣe nǹkan yìí mà gbọ́n o. Mo kó ọkọ mi síbẹ̀ kó má baà dà pọ̀ mọ́ àwòrán sítáì àwọn oníbàárà."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ mi orí. Ó ní òun ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ẹnjiníà pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé.

"Ẹ sọ fún Olóyè. Tí ẹ bá ti yọ ìwé kan dànù, ṣé kì í ṣe pé ó ti lọ nìyẹn?"

"Ó ti lọ," ni ẹlẹ́rìí dáhùn. "A ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, a ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára pé kì í ṣe tiwa mọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" ni Olóyè béèrè.

"A ó tò ó sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wù á mú un lọ."

"Ta ló sábà máa ń mú un?"

"Èmi ni. Wọ́n ti lé ní igba nílé mi. Ìyàwó mi ò ríbi na ẹsẹ̀ sí."

Ẹnjiníà fọwọ́ pa orí. Ìyá Aránṣọ náà pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù.

"Àbúrò mi, ẹ kì í kàn ṣàdédé da ẹ̀jẹ̀ èèyàn nù, àbí?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ méje la fi ń tọ́jú rẹ̀ nínú fíríìjì."

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Lọ́jọ́ kẹjọ, a ó sun ún. Èèyàn méjì á fọwọ́ sí ìwé pé àwọn rí i bó ṣe jóná. A kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Ta lo wá jẹ́rìí fún gan-an?" ni Ìyá Aránṣọ bi í.

"Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn nìkan la kì í sun," ni àbúrò fi parí ọ̀rọ̀, ó sì jókòó.

Mo ti kọ ojú ewé márùn-ún, kò sì sí ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Olóyè padà sọ́dọ̀ Ẹnjiníà.

"Nígbà tí o da apẹ̀rẹ̀ yẹn nù, ibo lo dà á sí?"

Ẹnjiníà gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Kò lọ síbì kankan, Olóyè."

"Báwo?"

"Kọ̀ǹpútà kì í da nǹkan nù ní tòótọ́. Ó kàn máa ń gbàgbé ibi tó fi í sí ni. Nǹkan náà á ṣì wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi gbé òmíràn lé e lórí."

"Láti ọjọ́ yẹn mi ò tàn án," ni Ìyá Aránṣọ sọ. "Mi ò gbé nǹkan kan lé ọkọ mi lórí."

"O lè wá a jáde nìyẹn," ni Olóyè wí.

"Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, Olóyè, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ fún mi. Ẹ̀bi mi kọ́. Ohun tó bá ti wọ apẹ̀rẹ̀, ìdọ̀tí ni."

"Kí ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

"Kọ̀ǹpútà tó ti kú, wáyà, bátìrì."

"Kí lo kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀?"

Ẹnjiníà rọra dáhùn. "Pàǹtírí."

"Ìdájọ́ mi rè é. Láti ọ̀la lọ, Ìyá Aránṣọ á gbé àga wá sẹ́nu yàrá yẹn. Láràárọ̀, á mú ohun kan tó bá wù ú níbẹ̀, á jù ú sínú ọkọ̀ akólẹ̀. O ò gbọdọ̀ sọ fún un èyí tó wúlò. Ọjọ́ tí àwòrán bá pé ni yóò gbé àga rẹ̀ kúrò."

"Olóyè, ẹ ṣàánú mi. Ara àwọn òkú yẹn ni mo ti ń yọ ohun tí mo fi ń tún ti àwọn èèyàn ṣe. Bí yàrá yẹn bá lọ, iṣẹ́ mi lọ."

"Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé pàǹtírí ni."

Ẹnjiníà béèrè ibi tí òun ti lè fa iná mànàmáná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó so wáyà mọ́ wáyà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì parí kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó lọ sílé nínú wa. Bí àwòrán ṣe ń jáde ni Ìyá Aránṣọ ń kà wọ́n: ọkọ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ rẹ̀ tó ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́, ọkọ rẹ̀ tó sùn lọ sórí aṣọ oníbàárà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti máa kọ̀wé.

"Mẹ́tàlélógójì," ni mo sọ nígbà tí wọ́n tán. "Méjì lé."

Nínú méjèèjì, bàbá lejú koko. Ìyá Aránṣọ wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́.

"Ìwọ̀nyí, èmi ni mo ní kí ọmọ mi pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi jà ni a yà wọ́n. Mi ò fẹ́ rí ojú yẹn mọ́."

Olóyè yí sí Ẹnjiníà. "Ohun tí wọn ò dà nù, o dà á nù. Ohun tí wọ́n dà nù, o gbé e padà wá. Irú oníṣẹ́ wo nìyí? Pa méjèèjì rẹ́ kíá."

Ìyá Aránṣọ na ọwọ́ bo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bínú níbẹ̀."

Olóyè ní kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ bí ìdájọ́.