Òkúta Tí Àìṣát Ń Lọ Wò Ní Íńdíà

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní Peckham, Àìṣát Àjíṣafẹ́ ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn lọ, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, báàgì ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìrẹsì kílò mẹ́wàá ló sì wà nínú báàgì náà. Ó ti gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń sọ̀kalẹ̀ kó lè tún un gùn lẹ́ẹ̀karùn-ún, nígbà tí àbúrò rẹ̀ Jẹ̀lílì ti ìta wọlé, ìgò Lucozade méjì àti èso àjàrà wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Àìṣát. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Bermondsey kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́jọ ló fi ju Jẹ̀lílì lọ. Bọ́ọ̀sì ni Jẹ̀lílì ń wà, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Bí èèyàn bá ní orí ń fọ́ òun, á sọ ohun tó fà á, á sọ oògùn rẹ̀, á sì dárúkọ ẹni tí irú rẹ̀ pa ní Mushin.

Ní Thursday ni Àìṣát pè é lórí fóònù, ó ní òun ń lọ sí Íńdíà ní oṣù tó ń bọ̀, òun nìkan, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwókù ilé òrìṣà àtijọ́ kan ló ń lọ wò, kò sì fẹ́ kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí máa bi òun pé kí ni Alhaja sọ nù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀rọ̀ dé orí àwókù, Jẹ̀lílì ní bọ́ọ̀sì òun ti fẹ́ gbéra, ó pa fóònù. Íńdíà nìkan ló gbọ́. Gbogbo ẹni tí Jẹ̀lílì sì mọ̀ tó ti lọ sí Íńdíà rí, ilé ìwòsàn ló lọ.

Àìṣát kò mọ èyí. Láti Thursday ló ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa fi dá a lóhùn bó bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Nítorí náà, ẹnu yà á nígbà tí Jẹ̀lílì rọra gba báàgì lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tuntun.

"Aunty mi, ta ló ní kí ẹ máa gbé ẹrù?"

"Mo ń fi kọ́ra ni. Bí mo bá débẹ̀, èmi náà ni màá máa gbé e."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Wọn ò ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n á fi tì yín ni?"

Àìṣát rò ó. Nínú gbogbo àwòrán ibẹ̀ tó ti rí, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló rántí. "Kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ rí jù. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àti táyà rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í yí."

Jẹ̀lílì ní òun mọ̀ pé nǹkan le níbi gbogbo, òun ò kàn mọ̀ pé ó ti le débẹ̀ yẹn. Ó di ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ń mú un gun àtẹ̀gùn lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń sinmi ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn ti yà. Nígbà tí wọ́n dé pálọ̀, ó fi tìmùtìmù mẹ́ta ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó bu Lucozade fún un, ó wá jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Kí gan-an lẹ ń lọ wò níbẹ̀, Aunty? Ẹ má fi pamọ́ fún mi."

Ibi tí Àìṣát ń bẹ̀rù nìyí. Ó pinnu pé òun ò ní tíì dárúkọ òrìṣà, òun á kọ́kọ́ ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀.

"Òkúta ni."

"Mo mọ̀," Jẹ̀lílì ní. "Láti Thursday ni mo ti mọ̀ pé òkúta ni. Omi tí ẹ kì í mu ló fà á."

Ojú ni Àìṣát ní lọ́kàn láti fi wo tirẹ̀. Abẹ àti oògùn ni Jẹ̀lílì rò pé wọ́n á fi wò ó. Àìṣát kò rí bí omi mímu ṣe kan òkúta Íńdíà, ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀rọ̀ odò ibẹ̀ ló ń sọ, torí odò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ní bí òun bá dé etí odò náà, ọkọ̀ kan tó rí roboto bí agbọ̀n ni wọ́n máa fi gbé òun sọdá.

"Wọn ò ní áńbúláǹsì?"

"Agbọ̀n yẹn náà ni."

Jẹ̀lílì já èso àjàrà kan, ó fi há a lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá òkúta náà tóbi.

"Òmíràn ga ju ilé yìí lọ," ni Àìṣát wí.

Jẹ̀lílì di ojú. Ó ti gbọ́ pé ìrora òkúta kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìwọ̀n mọ́. "Mélòó ni wọ́n?"

"Ta ló lè kà wọ́n? Ibi tí o bá yíjú sí, òkúta ni. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí o bá fi ìka gbá wọn, wọ́n á dún bí agogo. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́."

"Wọ́n ṣe dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn yín."

Ó wá béèrè ẹni tó máa dúró tì í níbẹ̀. Àìṣát ní kò sí, pé Kánsọ́lá ọmọ òun tó wà ní Lewisham fẹ́ tẹ̀ lé òun, òun sì kọ̀, nítorí pé Kánsọ́lá á máa kán òun lójú, òun sì fẹ́ fara balẹ̀. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ibẹ̀, ó ní, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn jáde.

"Àti àwọn tí kò lè rìn?"

"Àwọn tí kò lè rìn kì í lọ síbẹ̀, Jẹ̀lílì. Òkè ni."

Jẹ̀lílì tún bu Lucozade kún ife ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ku ìbéèrè kan, ó sì ń bẹ̀rù láti bi í. "Ó ti tó ìgbà wo tí òkúta yìí ti wà níbẹ̀?"

"Ó lé ní irínwó ọdún."

Ni Jẹ̀lílì bá dìde lórí àga. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Aunty mi, kí lorúkọ mi?"

"Jẹ̀lílì."

"Ibo la wà yìí?"

"Peckham. Ṣé ara rẹ yá?"

Omi ti lé ròrò sí Jẹ̀lílì lójú. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìgbà tí Àìṣát ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwé, àti bí ó ṣe tú aṣọ ilé ìwé tirẹ̀ tó fi rán tòun. Ó ní òun ti rò ó láti Thursday, òun ò sì ní yí ọkàn padà.

"Méjèèjì tèmi ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ó ní. "Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

"Méjèèjì kí ni?"

"Kíndìnrín."

Àìṣát gbé ife Lucozade kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e: èso àjàrà, kẹ̀kẹ́, tìmùtìmù mẹ́ta. Ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n kò jáde. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi ohun tó tó báyìí lọ̀ ọ́, bí kò tilẹ̀ ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó fà á dìde, ó ní kó jókòó.

"Jẹ̀lílì, kò sí ohun tó ń ṣe mí."

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Àìṣát mú fóònù rẹ̀, ó ṣí àwòrán kan, ó gbé e sí iwájú rẹ̀. Òpó òkúta ló wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọn ò ní òrùlé, ògiri ti là sí méjì, ewúrẹ́ kan dúró lórí ibi tó yẹ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Jẹ̀lílì wò ó títí.

"Ilé ìwòsàn yìí mà ti wó."

"Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ilé tó ti wó ni mo fẹ́ lọ wò."

"Ilé tó wó lẹ fẹ́ lọ wò? Oògùn wo lẹ fẹ́ lò fún un?"

"Ojú mi, Jẹ̀lílì. Ojú ni."

"Ojú náà tún ń dùn yín?"

Àìṣát gba fóònù rẹ̀ padà, ó ní kó pa ẹnu mọ́ kó gbọ́. Ó sọ fún un pé tíṣà kan wà ní ilé ìwé tí òun ti dáná, Seth lorúkọ rẹ̀, tó máa ń jẹun kẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ọjọ́ kan ló fi àwòrán kẹ̀kẹ́ òkúta náà han òun, níbi tí òun ti ń fọ ìkòkò. Òun dá ọwọ́ dúró, òun wo àwọn erin kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sí iwájú rẹ̀, òun ò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Inú ilé òrìṣà ìlú àtijọ́ kan ló wà. Ogun ló fọ́ ìlú náà, àwọn tó gbẹ́ òkúta ti lọ, òkúta dúró. Òun fẹ́ jókòó sí iwájú rẹ̀ títí tó fi máa sú òun, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bọ́ọ̀sì ti fẹ́ gbéra.

Nígbà tí Jẹ̀lílì wá gbọ́ pé ilé òrìṣà ni, omijé gbẹ lójú rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ sì padà dé. Ó sọ̀rọ̀ nípa ejò. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀bọ tí í já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ó ṣàlàyé bí rélùwéè ibẹ̀ ṣe ń rìn, láti ibùsọ̀ dé ibùsọ̀, òun tí kò rìn jìnnà ju Calais ní ilẹ̀ Faransé lọ láti ọjọ́ tó ti dé ilẹ̀ yìí. Ó wá parí rẹ̀ sí orí ẹ̀sìn.

"Alhaja. Nínú ilé òrìṣà."

"Kò sẹ́ni tó ń sin nǹkan kan mọ́ nínú èyí tí mo ń lọ wò," Àìṣát ní. "Mo ti lọ sí Mẹ́kà, Ọlọ́run ló pè mí. Mo ti lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ìsìnkú ló pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ìgbéyàwó tìrẹ ló ṣẹ́ kù. Kò tíì sí ibì kan tí mo lọ rí torí pé ó wù mí."

Jẹ̀lílì yíjú sí tábìlì. Àìṣát rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ ọ́ lára, àfi ìgbà tó rí i tó ń yọ èso àjàrà lẹ́yọ lẹ́yọ, tó ń tò wọ́n sórí tábìlì, tí kò jẹ ọ̀kan.

"Ìṣòro kékeré kan wà," Jẹ̀lílì ní.

Ó jẹ́wọ́. Ní Thursday yẹn náà ló ti sọ fún Ìmáàmù Hamid. Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ìmáàmù dárúkọ Àìṣát, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ kíndìnrín, gbogbo mọ́ṣáláṣí sì ṣe àmín. Àwọn obìnrin kan ti ń pín ọjọ́ tí wọ́n máa wá dáná fún un.

"Mo ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìmáàmù nìkan ni mo sọ fún. Òun ló ní makirofóònù."

Jẹ̀lílì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aunty mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè ní àìsàn kékeré kan? Kí n lè rí nǹkan bá wọn sọ."

"Bí irú èwo?"

"Orúnkún. Orúnkún ò burú. Kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni."

"Òkè kan wà níbẹ̀ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Orúnkún yìí ni màá fi gùn ún."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?"

"Kò sí, àfi bó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Ikọ́ díẹ̀, Aunty. Ti òtútù."

Ibi tí wọ́n ti ń dúnàádúrà àìsàn lọ́wọ́ ni fóònù Jẹ̀lílì ti dún. Ó wo ojú fóònù náà, ó sì nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìmáàmù ni. Jẹ̀lílì fi ojú bẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láti fi han bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n Àìṣát kì í parọ́, pàápàá fún Ìmáàmù. Ó kí wọn, ó dúpẹ́ àdúrà, ó wá sọ òótọ́ bó ṣe rí.

"Ìmáàmù, mi ò ní òkúta kankan nínú ara."

"Allāhu Akbar" tó jáde nínú fóònù náà ró dé orí àga Jẹ̀lílì. Àìṣát gbé fóònù jìnnà sí etí, ó tún gbé e padà. Ó ní rárá, kí wọ́n gbọ́ òun yé, kò fìgbà kankan sí níbẹ̀. Ó gbọ́ tí Ìmáàmù ń sọ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé ó ti lọ pátápátá, àfi bí ẹni pé kò fìgbà kankan sí níbẹ̀. Ó ní òun ṣì ń lọ sí Íńdíà, pé àwókù lòun ń lọ wò. Ìmáàmù ní ó dára, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá báyìí, ibi tó bá wù ú ni kó lọ. Wọ́n wá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà, Àìṣát sì ní Jẹ̀lílì ni, torí pé òótọ́ nìyẹn náà.

Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, Àìṣát ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá sà" sí wọn, kò sì rí àyè fi nǹkan mìíràn sí i. Nígbà tó pa fóònù, ó dìde, ó gbé báàgì ìrẹsì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó so okùn rẹ̀ mọ́ àyà.

"Kí ni wọ́n ní?" Jẹ̀lílì béèrè. "Ṣé inú ń bí wọn?"

"Inú wọn dùn. Wọ́n ní ìyàwó wọn ní òkúta nínú kíndìnrín, ti gidi. Wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá ẹ fún àdúrà."

"Bá mi kẹ̀?"

Àìṣát ti dé ẹnu ọ̀nà. "Mẹ́ta ni, Jẹ̀lílì. Wọ́n ní kí o bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi jù."