Apẹ̀rẹ̀ Ta Ni Mo Ju Bọ́ọ̀lù Sí?

Ọdún ti gorí ọdún, mo ti bímọ, ọmọ mi náà ti bímọ, ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé kan wà ní Mọ́níyà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹ̀rín dédé bọ́ lẹ́nu mi, ìyàwó mi kì í bi mí léèrè mọ́. Ó mọ ibi tí ọkàn mi lọ.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti kékeré ni mo ti ga kọjá bó ṣe yẹ. Ní Lálúpọn tí wọ́n bí mi sí, bí bàbá mi bá ní ká lọ ká obì, kò sẹ́ni tó ń wá àkàbà. Nígbà tí wọ́n fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, òyìnbó tó ń kọ́ wa ní ìṣirò wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí káfíńtà ri òpó méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó so apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí mọ́ orí wọn, ó sì kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gbá a, ọwọ́ ni. Ẹ ó máa lù ú mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń sáré, ẹ ó máa jù ú síra yín, títí ẹ ó fi ráyè sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tí àwọn tí ẹ ń bá figagbága ń ṣọ́.

Bọ́ọ̀lù yìí ló wá di iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ fẹ́ràn kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn na ti ẹlòmíràn. Wọ́n á gba èèyàn bí akọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé gígùn rẹ̀ ni wọ́n gbà. Mo ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń la ọ̀nà, mo ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń ṣe bíríkì, mo ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń ra kòkó ní Mọ́níyà. Láàárín ọdún márùn-ún, ilé iṣẹ́ mẹ́rin. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an, wọn kì í jẹ́ kó lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá, kò sẹ́ni tó ń pè é. Èmi wà láàárín: mo dára tó kí wọ́n gbà mí, mi ò dára tó kí wọ́n sunkún nígbà tí mo bá ń lọ.

Ilé iṣẹ́ kẹrin ni ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, lẹ́bàá Adégbayì. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Ràbíátù. Aránṣọ ni ní Mọ́níyà, ìgbà tí mo ń bá àwọn oníkòkó ṣiṣẹ́ la ti mọra. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó ní oko kòkó lẹ́yìn ìlú, kò kọ̀ mí, kò sì gbà mí. Ọjọ́ tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ibo lo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ni, Bàbá."

"Èṣí ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn oníkòkó ni mo wà, sà."

"Ṣáájú ìyẹn?"

"Àwọn oníbíríkì, lẹ́yìn àwọn tó ń la ọ̀nà, sà."

Wọ́n mi orí. "Ẹyẹ tó ń bà lé igi gbogbo. Igi wo ni kí ọmọ mi máa wò bó bá ń wá ọ?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àwa àti àwọn oníkòkó máa gbá bọ́ọ̀lù ní Mọ́níyà ní Sátidé tó ń bọ̀. "Màá wá wo iṣẹ́ tó ò ń ṣe yìí," ni wọ́n wí.

Látọjọ́ náà ni mi ò ti sùn dáadáa. Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣe dáadáa lójú wọn, Ràbíátù ti di tèmi. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ agbégẹdú tí yóò kó wa lọ ti ń fun fèrè níwájú ilé tí mo háyà. Mo fa báàgì mi já lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sáré jáde. Mi ò tú u wò. Báàgì bọ́ọ̀lù mi ni, kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?

A dé Mọ́níyà, èrò ti pé jọ yí pápá ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí ká. Mo tú báàgì. Ẹ̀wù tí mo fà jáde, pupa ni. Aláwọ̀ ewé ni tiwa. Pupa ni tàwọn oníkòkó. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn ni ẹ̀wù náà ti wà nísàlẹ̀ báàgì, tuntun tí wọ́n fún mi ní ibi ìlagẹdú sì wà lórí okùn ní Adégbayì, níbi tí mo sá a sí ní Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ládépò, wo ẹ̀wù náà, wọ́n wo èmi náà. Wọn kò pariwo. "Ṣé o ti padà sọ́dọ̀ wọn ni?"

Wọ́n bá mi yá ẹ̀wù ọ̀kan lára àwọn tí yóò jókòó dè wá, ẹni tó kúrú jù nínú gbogbo wa. Bí mo bá dúró gbọnrangandan, ó dé ìbàdí mi pẹ̀lú ìyà. Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè, ìdodo mi á yọjú kí gbogbo Mọ́níyà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí bí èèyàn ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láìgbọ́wọ́ sókè.

Eré bẹ̀rẹ̀. Súlè ló ṣáájú àwọn oníkòkó. Ọdún kan àtààbọ̀ ni èmi àti ẹ̀ fi jọ wọ ẹ̀wù pupa, òun ló sọ mí ní Àgéré nítorí gígùn mi. Mo gba bọ́ọ̀lù, mẹ́ta nínú wọn yí mi ká, ni mo gbọ́ ohùn kan lápá òsì mi: "Àgéré, èmi rèé." Ohùn tí mo ti ń gbọ́ fún ọdún kan àtààbọ̀ ni. Ọwọ́ mi kò dúró de ọpọlọ mi. Mo ju bọ́ọ̀lù náà sí i, ó sì dé ọwọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Súlè sọ ọ́ sápẹ̀rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "O ṣeun, ará."

Nígbà tí a sinmi ní ìdajì eré, abíyá ẹ̀wù àyálò ti ya. Ràbíátù mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá, ó ń rán an mọ́ mi lára. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ṣé Bàbá ti dé?"

"Wọ́n ti dé tipẹ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó já òwú pẹ̀lú eyín. "Wọ́n bi mí pé ẹgbẹ́ wo lẹ wà."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n ṣì máa wò."

Mo pinnu pé bí a bá padà sórí pápá, màá ṣe ohun tí wọn kò ní gbàgbé. Mo sì ṣe é. Bí eré ti tún bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọ̀kan nínú àwọn oníkòkó ṣi bọ́ọ̀lù jù, mo gbà á lófuurufú, mo sì ta mọ́nà. Ẹnikẹ́ni kò lé mi. Mo ní lọ́kàn mi pé mo ti yára jù wọ́n lọ. Gbogbo èrò ń pariwo, mo rò pé ìyìn ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kígbe lẹ́yìn mi pé, "Padà, padà," mo rò pé àwọn oníkòkó ni wọ́n ń bá wí. Mo fò sókè, mo sì sọ bọ́ọ̀lù náà sínú apẹ̀rẹ̀. Kò kan etí apẹ̀rẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ayé mi, mi ò tíì ju bọ́ọ̀lù tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí a bá ti sinmi tán, a máa ń pààrọ̀ ìhà. Apẹ̀rẹ̀ tí a ń jù sí tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí à ń ṣọ́. Ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi lé mi nìyẹn. Ta ni yóò dá ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ dúró?

Ẹ̀rín bú jáde ní gbogbo pápá. Mo rí ìyá arúgbó kan tó jókòó sílẹ̀ kó lè rín tirẹ̀ dáadáa. Súlè rìn wá bá mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo ti na ọwọ́ sí i, ibi tí Ràbíátù rán ya dé ìbàdí.

Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ilé kòkó náà tó já sí títì Ọ̀yọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹsẹ̀ mi kan ti kọjá ilà pápá. Mo ti ń rò ó pé ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni màá wọ̀, bó jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń lọ. Ìgbà náà ni mo rí Bàbá Ràbíátù. Wọ́n dúró, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wò mí ni.

Mo fa ẹsẹ̀ mi padà.

Láti ìgbà náà, kí n tó ju bọ́ọ̀lù, mo máa ń kọ́kọ́ na ìka sí apẹ̀rẹ̀ tí mo fẹ́ jù ú sí, kó lè dá èmi fúnra mi lójú. Èrò rí i, inú wọn dùn sí i. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn mí lọ́wọ́, gbogbo Mọ́níyà á na ìka, ọmọdé àtàgbà, wọ́n á ní, "Ọ̀hún ni, Àgéré, ọ̀hún ni." Mo sọ mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀ tó tọ́ pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára mi. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí wa. Ẹ má ṣírò ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, Ọ̀gbẹ́ni Ládépò ti bá yín ṣírò rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n sì fi mí sí ibi tí wọ́n ń kó lẹ́búlẹ́bú pákó fún oṣù kan.

Nígbà tí èrò tú ká, mo lọ bá Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Bọ́ọ̀lù yín yẹn ò yé mi," ni wọ́n wí. "Ohun tí mo wá wò yàtọ̀. Ẹni tó fi ibi mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, mo rò pé ẹni tó máa ń sá ni. Mo rí ọ nígbà tí o yíjú sí ọ̀nà. Mo ní, ó parí. Ṣùgbọ́n o padà. Dìde, ìdodo rẹ ti kan ilẹ̀. Lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá rí mi."

Ní ọjọ́ ìsoyìgì wa, Áfáà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Bàbá Ràbíátù gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní, "Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí ọkọ ìyàwó kọ́kọ́ na ìka sí ìyàwó rẹ̀. A gbọ́ pé ó máa ń gbé tirẹ̀ fún ẹlòmíràn." Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Àfi bí mo ṣe na ìka lóòótọ́.

Mi ò kúrò ní ibi ìlagẹdú mọ́ títí tí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ náà kò pọ̀: bí ojú bá ti èèyàn, kó dúró díẹ̀ sí i. Ẹ̀rín a máa rẹ àwọn tó ń rín in. Bí wọ́n bá ti rín in tán, àwọn gan-an ni yóò máa na ìka sí ibi tó yẹ kó lọ. Èmi nìkan ni ẹ̀rín tèmi kò tíì tán.