Sàlẹ́ńsà Tí Kò Rú Èéfín

Ẹni tó bá ń gbé ojú ọ̀nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ máa ń gbóòórùn mọ́tò Ràfíátù kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀, á sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó fojú kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ìyá náà wà á wọ ọgbà àyẹ̀wò ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kẹta: mọ́tò tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnu géètì ni Nathaniel ọ̀físà ti lé e padà nítorí èéfín. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wá, òun àti ẹ̀rọ tó fi ń wọn èéfín. Gbogbo òfin ọkọ̀ ló há sórí bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń há súrà, kò sì sí ẹni tó ń bi í tí kì í kà á.

Ràfíátù sọ̀kalẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ wé. Nathaniel yọ bírò.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ọdún mélòó ni ọkọ̀ yín?"

"Ọkọ mi? Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó kú."

"Ó ti kú?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Tó bá ti kú, báwo ló ṣe wá dé ibí?"

"Kò dé ibí. Ọ̀kà la sin ín sí."

"Màmá, kí ló wá gbé yín dé ibí?"

"Mọ́tò ni."

"Mọ́tò yẹn náà ni mò ń bi yín! Ọkọ̀! Ọ-kọ̀! Ohùn ìsàlẹ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ sókè."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní ilé tiwọn, mọ́tò ni mọ́tò ń jẹ́. Ọkọ ni ọkọ, ohùn yòówù kí ará Àkúrẹ́ fi pè é. Nathaniel mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Mọ́tò. Irú mọ́tò wo ni?"

"Orí rẹ̀, Bẹ́dífọ́ọ̀dù. Ìdí rẹ̀, Mẹ́sídíìsì."

"Ẹ dúró ná. Kí ni ìdí rẹ̀?"

"Mẹ́sídíìsì."

"Mo ní, kí ni ìdí rẹ̀ tó fi rí bẹ́ẹ̀!"

"Ìdí àkọ́kọ́ ló kán lọ́nà Ọ̀bà. A ò lè máa rìn láìnídìí, ọmọ mi."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Ìyẹn ni Ìyàwó."

"Ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó mọ́tò. Oko kan ní Ìpè la ti lọ mú un wá, lára katakata tí olóko ò lò mọ́. Ọjọ́ tí a gbé e délé, Badmus ọkọ mi da omi sí i lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára."

"Orí ibìkan, ìdí ibòmíràn, ẹ́ńjìnnì inú oko! Màmá, ṣé wọ́n gbọ́ ara wọn yé?"

"Ọmọ mi, Àkókó la wà. Ta ló gbọ́ èdè ẹnì kejì? A sì ń jọ ná ọjà kan náà."

Nathaniel gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé àyà sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó há sórí.

"Kí n tó wọn èéfín, ẹ gbọ́ òfin. Ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì, òfin yìí mú un, látorí ọ̀kadà títí dé tírélà. Katakata oko nìkan ni kò mú."

"Kí ló dé tí kò mú katakata?"

"Inú oko ló ń rú èéfín tirẹ̀ sí. Kò séèyàn nínú oko."

"Àwa ńkọ́?"

Ìyẹn ò sí nínú ohun tí Nathaniel há sórí. Ó ní kí ìyá náà gòkè lọ ṣáná sí mọ́tò.

Ràfíátù gòkè. Iṣu àwọn obìnrin Ìpè tó yẹ kó bá wọn kó lọ sọ́jà ti wà létí títì láti àná, ọ̀la sì ni ọjà. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, iṣu kọ́ ló ń dùn ún jù. Láti ìgbà tí ojú Badmus ti ń ṣe bàìbàì ni òun ti gba sítíárìn, tí ọkọ rẹ̀ sì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń dárúkọ gbogbo kòtò tí kò rí. Gbogbo Ọ̀kà fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín títí pé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e kiri, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i ni. Bí wọ́n bá gba mọ́tò yìí lónìí, Ràfíátù tún di opó lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ó ṣáná sí i. Ewé máńgòrò tó wà nínú ọgbà gbọ̀n. Nathaniel bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó ti imú ẹ̀rọ bọ inú sàlẹ́ńsà tuntun kan tó ń dán yanran.

"Ẹ fún un níná, Màmá!"

Ràfíátù fún un níná. Ilẹ̀ ṣú díẹ̀. Nathaniel ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ.

"Ó dà bíi pé òjò fẹ́ rọ̀," ó ní. "Ẹ tún fún un!"

Ilẹ̀ tún ṣú sí i.

"Ta ló tún ń sun igbó lásìkò yìí? Àwọn ará ibí ò tiẹ̀ bẹ̀rù òfin!" Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ nù ún, ó tún wò ó. Ó pariwo. "Òdo! Màmá, òdo!"

Ràfíátù bẹ́ sílẹ̀. "Odò wo? Mọ́tò mi ò kó sódò rí o!"

"Òdo, Màmá! Òdo ni pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀!"

"Yéè! Kò sí nǹkan kan? Ó ti kùnà nìyẹn?"

"Ó yege ni! Kódà ọkọ̀ tó gbé mi wá láti Àkúrẹ́ ò gba òdo!"

"Alihamudulilai! Ọlọ́run á fún ẹ ní ìyàwó rere."

Ibi tí wọ́n ti ń bára wọn yọ̀ ni alángbá kan ti yọrí nínú sàlẹ́ńsà. Ó mi orí sókè sódò bí ẹni pé òun náà fọwọ́ sí i, ó sì wọlé padà.

"Màmá."

"Ọmọ mi."

"Alángbá wà nínú sàlẹ́ńsà yín."

"Ó fẹ́ràn ibẹ̀. Ibẹ̀ tutù."

Nathaniel fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà. Lóòótọ́, ó tutù bí omi àmù. Ẹ́ńjìnnì sì ń bú ramúramù lọ́wọ́.

"Màmá, ṣé ẹ́ńjìnnì yín mọ sàlẹ́ńsà yìí?"

"Wọn ò tíì pàdé."

"Kí ló wá ń ṣe níbí?"

"Ìwọ lo ní kó wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o pariwo láti ẹnu géètì pé, 'Màmá, ẹ lọ fi sàlẹ́ńsà tí kò rú èéfín sí i!' Mo tọ Ògúntádé mẹkáníìkì lọ. Ó ní gbogbo sàlẹ́ńsà tí òun mọ̀ láyé ló ń rú èéfín tí òun bá ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó má so ó mọ́ ọn."

"Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lókè níbẹ̀ yẹn. O ò sọ pé kí n yọ ìyẹn."

Nathaniel gbójú sókè. Òjò tó ní ó fẹ́ rọ̀, inú ọ̀pá kan tó nàró lẹ́yìn orí mọ́tò ló ti ń jáde. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó gun mọ́tò bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, ó sì ti imú ẹ̀rọ bọ ẹnu ọ̀pá.

"Ẹ fún un níná, Màmá!"

"Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi. Ìyàwó ò fẹ́ kí wọ́n máa yọjú wo òun."

"Ẹ fún un níná ni mo wí! Òfin ni!"

Ta ni yóò bá òfin jà? Ràfíátù fún un níná. Nígbà tí ojú ọjọ́ tún là, Nathaniel ti wà nílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ ti di ìdí ìkòkò. Eyín rẹ̀ nìkan ló ṣì wà bó ṣe wà. Ọwọ́ ẹ̀rọ ti kọjá nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, ó sì kọ̀, kò padà mọ́.

"Ó kùnà," Nathaniel wí, ó sì húkọ́. "Mo gbẹ́sẹ̀ lé e."

Omi lé ròrò sójú Ràfíátù, èéfín kọ́ ló fà á. Ó di ara mọ́tò mú.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, èéfín ta lèyí tó wà lójú rẹ?"

"Ti ẹ́ńjìnnì yín ni."

"Ẹ́ńjìnnì kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì kata..." Ó tún húkọ́. "Katakata."

"Ṣé òfin mú katakata?"

Ìyà ńlá ni kéèyàn mọ òfin sórí, nítorí kò ní lè ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Nathaniel wolẹ̀. "Kò mú un."

"Sàlẹ́ńsà tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ní ńkọ́? Kí lo bá nínú ẹ̀?"

"Òdo."

"Àti alángbá."

"Òfin ò sọ nǹkan kan nípa alángbá."

Nathaniel fi ìka dúdú mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ yege. Ràfíátù ti ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ nígbà tó na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ má tíì dúpẹ́, Màmá. Òfin mìíràn wà. Katakata oko ò gbọdọ̀ gun ojú ọ̀dà. Nítorí náà, ọkọ̀ yín lè máa lọ sí Ọ̀kà. Ẹ́ńjìnnì ni kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òfin ti gbà á sílẹ̀.

Ràfíátù gba ìwé rẹ̀. Ó gòkè, ó jókòó. Ó fọwọ́ nu ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọrí lójú fèrèsé.

"Ìyàwó ò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni rí, ọmọ mi. Iwájú ló máa ń wà. Ọkọ ló ń tẹ̀lé e."

Ó ki jíà bọ̀ ọ́, mọ́tò sì forí lé géètì. Nathaniel sáré wọ inú èéfín, bírò lọ́wọ́.

"Ọkọ ni ẹ wí ni, Màmá, àbí ọkọ̀?"

"Àwọn méjèèjì!"